Ẹni Tó Jí Ohùn Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò tíì lù tán tí fóònù Dúró fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí tábìlì ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Mówè. Ó gbé e sétí. Kò tíì sọ "hẹ́lò" tí igbe fi gbá a létí bí àbàrá.

"Bọ̀dá Dúró! Wọ́n ti jí Màmá gbé!"

"Màmá wo? Ta ló jí wọn gbé?"

"Kì í ṣe àwọn fúnra wọn! Ohùn wọn ni! Ohùn Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù, orin méjèèjìlá! Mo tan kọ̀ǹpútà, mo tẹ orin, kẹ́kẹ́ pa! Ohun tí mo rí lójú ẹ̀rọ ni, 'Ohùn yín wà lọ́wọ́ mi. Ẹ wá ẹni tó gbọ́n. Èmi ni Stella.' Ẹ̀gbọ́n, ta ni Stella? Kí la fi ṣe Stella?"

Dúró fò dìde. Ó fọwọ́ lu tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí ife tíì fi ṣubú. "Háà! Ọmọ aráyé burú! Ta ló lè ṣe irú èyí sí arúgbó? Mùtàlíbù, má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mò ń bọ̀ ní Ìfọ̀ nísinsìnyí. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí, Ọlọ́run á mú un!"

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó jókòó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ́n lọ́jà.

Òun ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ má tíì bú u. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí a fẹ́ bú. Bólúwadúró Adéyẹ́misí ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n láti Mówè dé Ìbàfò, láti Àjùwọ̀n dé Ìfọ̀, Ẹ̀njiníà ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2002, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ń jẹ kọ̀ǹpútà àwọn onísítúdíò bí ikán ti í jẹ igi àjà, òun ló lọ láti sítúdíò dé sítúdíò, tó bá wọn fi Línúùsì sí i, ètò ọ̀fẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì kì í sábà rí jẹ. Àmọ́ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni kọ̀ǹpútà tí kò ní èròjà ohùn. Èròjà kan wà tó ń mú kí akọrin dún bí ẹni tó dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Òmíràn ń bá ẹni tí ohùn rẹ̀ yẹ̀ tún un ṣe kí ayé má baà gbọ́. Òmíràn ń fún ìlù ní ikùn. Àwọn òyìnbó ti kó gbogbo wọn sínú àká lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá fẹ́ kó lọ bù ú. Íńtánẹ́ẹ̀tì Mówè nígbà náà sì rèé, bí ìgbín bá bá a sáré, ìgbín á dúró dè é lọ́nà.

Nítorí náà, lóṣooṣù, Dúró á gbé háàdì díìsìkì sínú báàgì, á wọkọ̀ lọ sí Èkó, á bu èròjà bọ̀. Á yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Á kọ àkọsílẹ̀ kékeré sínú rẹ̀: ohun tó jẹ́, ohun tó yí padà lára rẹ̀, ọjọ́ tó ṣe é. Á wá lu èdìdì tirẹ̀ mọ́ ọn, irú èdìdì tí ojú kì í rí ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà mọ̀ bí ajá ti mọ òórùn olówó rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló fún wọn: "Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun kò mọ èdìdì ẹni tó ni àká kan, ẹ má gbà á. Ẹ tẹ 'rárá'."

Ọdún méje ló fi ru ẹrù yìí. Tí orin bá wá jáde, wọ́n á tẹ ọpẹ́ sẹ́yìn páálí síìdì: ọpẹ́ fún Ọlọ́run, ọpẹ́ fún pásítọ̀, ọpẹ́ fún lémọ́ọ̀mù, ọpẹ́ fún ẹni tó ya fọ́tò, kódà ọpẹ́ fún ẹni tó ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Dúró ńkọ́? Kò sí níbẹ̀. Ó máa ń ka ẹ̀yìn páálí wọ̀nyẹn láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wá orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú èsì ìdánwò. Láti ibẹ̀ ni inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan.

Lọ́jọ́ kan, ní Asese, lẹ́bàá títì márosẹ̀, ó rí fọkanáísà kan tó ń rọra da ìṣó sójú ọ̀nà, kò jìnnà sí ìsọ̀ fọkanáísà náà fúnra rẹ̀. Táyà á bẹ́, awakọ̀ á ti ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, á tún máa dúpẹ́ pé Ọlọ́run ló fi ẹni yìí sítòsí. Ó yẹ kí Dúró bínú. Ẹ̀rín ló rín. Ọgbọ́n ló kọ́.

Ó dá àká tuntun sílẹ̀ lórúkọ obìnrin kan tí ìyá kankan kò bí: Stella, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣe èròjà kan sínú rẹ̀ tó pè ní Iyọ̀ Ohùn. Èròjà náà dùn ní tòótọ́, kí ẹ má purọ́ mọ́ ọn; ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, á kó gbogbo orin inú kọ̀ǹpútà sínú yàrá kan, á tì í pa. Ọjọ́ tó bá wà lójú aago kọ̀ǹpútà náà gan-an ni á fi rọ kọ́kọ́rọ́. Dúró á wá dé pẹ̀lú Díìsìkì Ìwòsàn, èyí tó máa ń dán gbogbo ọjọ́ inú ọdún náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀kùn á fi ṣí. Ó ra ìbòrí ọlọ́kadà, ó wọ̀ ọ́, ó kó díìsìkì Stella lọ fún Ṣàràfá tó ń ta síìdì ní Àjùwọ̀n, ó sì pòórá.

Ẹ ò bá rí àwọn onísítúdíò! Kọ̀ǹpútà pariwo pé òun kò mọ èdìdì yìí. Wọ́n tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì pé ṣé ó dá wọn lójú. Wọ́n tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" kí ó tó béèrè tán. Sítúdíò Mówè kọ́kọ́ yadi. Ti Ìbàfò tẹ̀ lé e, ti Asese ṣe ìkẹta. Dúró dé, ó fi díìsìkì sí i, orin padà. Wọ́n san owó ìwòsàn, wọ́n gbé e léjìká. Àwọn ará Ìbàfò tilẹ̀ pè é jáde níwájú ìjọ kí wọ́n fi dúpẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n fògo fún Ọlọ́run.

Ìyẹn ni Dúró tó wọkọ̀ lọ sí Ìfọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, tí díìsìkì wà nínú àpò àyà rẹ̀. Ó ti ń múra ohun tó máa sọ tí wọ́n bá ń dúpẹ́.

Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù ló kọ́kọ́ rí nínú sítúdíò Mùtàlíbù. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún, tó ti kọrin níbi ìkómọ àti ìdí wọlímọ̀ láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ilé Ìfọ̀ ṣì wà ní igbó. Mùtàlíbù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń fi ọwọ́ nu omi ojú rẹ̀. Dúró dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Adéyẹ́misí, ọmọ mi." Ohùn náà kò ju afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀kùn lọ. "Dìde. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi l'Ékòó. Ọ̀fun mi. Dókítà ní òun máa gba ẹ̀mí mi là, ṣùgbọ́n ohùn ò ní padà. Mo ní kò burú. Mo ti fi ohùn mi pamọ́ sọ́dọ̀ Mùtàlíbù fún àwọn ọmọ-ọmọ mi." Ó mí. "Ìgbà tí mo lè kọrin ti lọ. Kò sí òmíràn níbikíbi, ọmọ mi. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yìí ni gbogbo rẹ̀."

Nǹkan kan já nínú Dúró bí okùn kànga. Àmọ́ ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Kó tó pẹ́, ẹ ó gbọ́ra yín." Ó ti díìsìkì bọ inú kọ̀ǹpútà.

Díìsìkì yí. Ó dán ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009 wò, ó dán ìkejì, ó ń bá a lọ. Ó dé oṣù kẹta. Ó dé oṣù kẹfà. Mùtàlíbù ń ka àdúrà. Ó dé ọjọ́ òní gan-an, oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ dákẹ́.

"Ẹ̀njiníà, ó ti ṣí?"

Kò ṣí.

Dúró tún un ṣe. Kò ṣí. Ó yọ díìsìkì, ó fi aṣọ nù ún, ó fẹ́ ẹ, ó gbàdúrà sí i. Kò ṣí! Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀. Fọkanáísà ti da ìṣó sílẹ̀, ó sì ti gbàgbé pọ́ǹpù rẹ̀ sílé.

Ibẹ̀ ni bàtà ńlá kan ti dún lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin ọlọ́pàá kan wọlé, ó sanra, ó ń rìn jẹ́jẹ́, orógbó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni Sájẹ́ǹtì Morádéyọ̀. Ta ló ní wọ́n jí ohùn gbé?"

Dúró yíjú sí Mùtàlíbù. "O pe ọlọ́pàá?"

"Kí n tó pe ẹ̀yin gan-an, ẹ̀gbọ́n."

Sájẹ́ǹtì wo kọ̀ǹpútà yípo bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. "Ẹ tú wáyà rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni. Àgọ́ ló máa sùn." Ó kọjú sí Dúró. "Ìwọ ńkọ́? Ta ni ẹ́?"

Mùtàlíbù ló gbẹnu sọ fún un. "Ẹ̀njiníà wa nìyẹn, Mà. Àwọn ló ń pa àká èròjà wa mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó wọn."

"Ó dáa. Ìwọ lo máa bá mi wá olè náà."

Báyìí ni wọ́n ṣe ní kí ológbò wá ẹni tó jẹ ẹja.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n mú Ṣàràfá ní Àjùwọ̀n láàárín àwọn síìdì rẹ̀. Lọ́jọ́rú, Sájẹ́ǹtì ránṣẹ́ pe Dúró sí àgọ́ Ìfọ̀. Ṣàràfá jókòó sórí ilẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló fún ẹ ní díìsìkì?"

"Mà, ọlọ́kadà kan ni. Ó wọ ìbòrí. N ò rójú ẹ̀."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n tà á fún àwọn onísítúdíò. Ohùn ẹ̀ jinlẹ̀, Mà, ó dùn bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn. Tí mo bá tún gbọ́ ọ, ma mọ̀ ọ́n!"

Sájẹ́ǹtì yíjú. "Ẹ̀njiníà, bi í ní ìbéèrè kan."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ohùn Dúró jinlẹ̀. Òun ló ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ títí ó fi tẹ̀ síwájú. Nígbà tó lanu, ohùn bí ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti í kọ ló jáde.

"Ọ̀gbẹ́ni... díìsìkì mélòó... ló kó fún ẹ?"

Ṣàràfá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ẹ lo oyin. Ogún ni."

"Ṣé òun ni?" ni Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Èwo? Èyí tó ń hó bí ìkòkò yìí? Rárá o, Mà! Tìyẹn dùn."

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń ṣeré ni. Àmọ́ ó ní kí wọ́n dá Ṣàràfá padà sínú sẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, ó ń sunkún pé ìyàwó òun máa bí lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n dákun. Dúró wo bàtà ẹyọ kan náà tó bọ́ lẹ́sẹ̀ Ṣàràfá sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, kò mọ ibi tó máa gbé e sí, ó kì í sínú báàgì rẹ̀.

"Jókòó," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ọ̀dẹ̀ ni mí nínú nǹkan kọ̀ǹpútà. Ṣàlàyé fún mi. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ inú èròjà? Àbí bíi páálí oògùn ni?"

Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti mú un. Ọdún méje, kò sí ẹnìkan tó béèrè! Dúró gbàgbé ikọ́. Ó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà àgọ́, ó da àká tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ó fi àká tirẹ̀ hàn án, ó fi ti Stella tó wà lórí díìsìkì Ṣàràfá hàn án. Ó kọ́ ọ bí a ti í ṣí èròjà láì jẹ́ kó ṣiṣẹ́, àti ibi tí àkọsílẹ̀ kékeré wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, Mà, kò lè ṣe é kó má kọ ọ́. Ẹ wò ó, tèmi láti ọdún 2002 wà níbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀."

"Ìwọ lo kọ gbogbo èyí?"

"Èmi ni, Mà."

"O ṣiṣẹ́ o," ni Sájẹ́ǹtì wí. "O mà ṣiṣẹ́ o. Kò sẹ́ni tó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ?"

Dúró tún ṣí àkọsílẹ̀ mìíràn fún un.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Monísọ́lá ìyàwó rẹ̀ gbé ògì àti àkàrà síwájú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án.

"Ìwọ ò jẹun?"

"Mo ń gbààwẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ẹni tó ti ohùn arúgbó yẹn mọ́lé, kí àṣírí ẹ̀ tú kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ṣàmín."

Dúró gbé àkàrà sílẹ̀. "Bóyá... bóyá ẹni náà ò mọ̀ọ́mọ̀..."

"Bọ̀dá Dúró! Ṣàmín!"

"Àmín," ni Dúró wí. Àmín náà jáde bí eyín tí wọ́n fi ìdọ̀ yọ.

Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìfọ̀, gbogbo ayé ló ń bá a wí. Oníwàásù inú ọkọ̀ ní àwọn kan jókòó síbí tí ọkàn wọn dúdú. Kọndọ́ ní, "Ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi, kó tètè san tiẹ̀!" Owó ọkọ̀ ni kọndọ́ ń wí, Dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Nígbà tó wọ àgọ́, ó bá Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù lórí bẹ́ǹṣì, báàgì aṣọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gba Èkó lọ. Ó ní òun kàn fẹ́ dágbére fún ẹ̀rọ náà kí òun tó lọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ tó sùn lára.

"Tàn án fún wọn," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ó tó bí ọjọ́ mẹ́ta tí kò mu iná."

Mùtàlíbù tàn án. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Dúró wò ó, ojú rẹ̀ bá a dé igun ìsàlẹ̀, níbi tí aago wà.

Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1998.

"Mùtàlíbù. Aago kọ̀ǹpútà yìí..."

"Àà, ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a lóhùn. Bátìrì kékeré inú ẹ̀ ti kú láti ìgbà wo. Bí iná bá ti lọ, ó máa ń padà sí 1998 ni. Ta ló ráyè aago?"

Dúró rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ tí Iyọ̀ Ohùn ti orin Màmá pa, ọdún 1998 ló wà lójú ẹ̀rọ yìí! Kọ́kọ́rọ́ wà ní 1998, òun ń wá a kiri inú 2009. Ìlà kan ṣoṣo ló máa yí padà nínú Díìsìkì Ìwòsàn. Kò ní gbà ju kéèyàn jẹ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan tán.

Àmọ́ ta ló mọ̀ pé ọjọ́ ni Stella fi ń rọ kọ́kọ́rọ́? Stella nìkan. Bó bá fọwọ́ kan ìlà yẹn níwájú Sájẹ́ǹtì, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ so okùn mọ́ra. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Màmá á lọ, Màmá á bọ̀, ẹ̀rọ á máa wò wọ́n.

Màmá dìde. "Ẹ jẹ́ n máa lọ," ni afẹ́fẹ́ ọ̀fun rẹ̀ wí. "Ó dìgbà, ohùn mi."

"Ẹ dúró, Màmá!"

Kò mọ ìgbà tó ké. Ó ti jókòó, díìsìkì ti wọ inú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Ó pa 2009 rẹ́, ó kọ 1998 sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Díìsìkì yí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Orin méjèèjìlá tò jáde sójú ẹ̀rọ bí àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n lu aago fún.

Mùtàlíbù fò sókè, orí rẹ̀ gbá fáànù. Màmá jókòó padà, ó bo ojú.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọjọ́ ni?" ni Sájẹ́ǹtì béèrè. Ó ń jẹ orógbó.

Irọ́ ti wà nílẹ̀. Irọ́ ti gbó, ó ti pọ́n, ó kàn ń dúró de ẹnu ni. "Mo kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lánàá, Mà. Òyìnbó kan ló kọ ọ́."

Sájẹ́ǹtì gbé orógbó tì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó mi orí. "Íńtánẹ́ẹ̀tì mà dáa o. O ṣeun, Ẹ̀njiníà. O lè máa lọ."

Ó bọ́! Dúró gbé báàgì. Ó ku ẹsẹ̀ mẹ́rin kó dé ẹnu ọ̀nà. Mùtàlíbù ń pè é ní olùgbàlà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta.

"Mùtàlíbù," ni Màmá wí, "tẹ ìkejìlá. Kó gbọ́ ọ kó tó lọ. Òun ni mo tọ́jú rẹ̀ dè."

Ohùn kan jáde láti inú ẹ̀rọ. Ohùn Màmá ni, nígbà tó ṣì jẹ́ ohùn: ó nípọn, ó rọ̀, ó kún àgọ́ náà dé ògiri. Ọlọ́pàá tó ń tòògbé nídìí káńtà sọjí.

*Mo rántí ẹni tó ń ru ohùn wa bọ̀ l'Ékòó,*
*Bólúwadúró, ọmọ Adéyẹ́misí.*
*Èròjà tó bù sí wa lọ́bẹ̀ ni ò jẹ́ kó tẹ́.*
*Ẹni tójú ò rí lágbo, òun lagbo fi kún.*
*Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, Bólúwadúró, kò ní bàjẹ́.*

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Dúró. Ọdún méje tó fi ń ka ẹ̀yìn páálí. Orin kan ṣoṣo nílé ayé ló ní orúkọ rẹ̀ nínú, òun náà ló sì tì mọ́lé, tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Ó yí padà. Orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà àyà rẹ̀, ó nà gbalaja níwájú Màmá.

"Èmi ni," ni ó wí. Kò hó, kò wúkọ́. "Kò sí Stella. Èmi ni Stella. Èmi ni mo ṣe é, ti Mówè, ti Ìbàfò, ti Asese. Ẹ tú Ṣàràfá sílẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Màmá, ẹ má dárí jì mí."

Mùtàlíbù gbé àga sókè. Sájẹ́ǹtì fi ìka kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jókòó, Mùtàlíbù. Mo ti mọ̀ láti àná."

Dúró gbórí sókè nílẹ̀. "Àná?"

Sájẹ́ǹtì fa bébà méjì yọ. "Ìwọ lo kọ́ mi bí a ti ń ka àkọsílẹ̀. Mo ka tìẹ títí, láti 2002. Ìlà tó kẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í yí padà. Kà á."

Dúró kò nílò kó kà á. Àdúrà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ni, pé kò gbọdọ̀ parí iṣẹ́ ọwọ́ kan láì gbà á sí i. Ó ti di ti ọwọ́, kì í ṣe ti ọkàn mọ́. Ọwọ́ ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. *Kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, lórúkọ Jésù.*

"Èyí kejì, ti Stella rèé. Mo ní háà, obìnrin Lọ́ńdọ̀nù yìí, Yorùbá ló fi ń gbàdúrà, àdúrà Ẹ̀njiníà wa gan-an ló sì ń gbà. Olè tó ń gbàdúrà kí olè òun má bàjẹ́! Ogún ọdún tí mo ti ń ṣe ọlọ́pàá, n ò rí irú ẹ rí."

"Kí ló dé tí ẹ ò mú mi?"

"Bí mo bá mú ẹ lánàá, lọ́yà á ní kí o má sọ̀rọ̀. Ta ló máa ṣí orin? Ọwọ́ tó tì í nìkan ló lè ṣí i. Mo ní kí Màmá wá dágbére níwájú ẹ, kí n wo bóyá èèyàn kù nínú ẹ." Ó yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nínú àpò. "Ó kù díẹ̀. Mú ọwọ́ wá."

Wọ́n ṣí sẹ́ẹ̀lì. Ṣàràfá ń jáde, Dúró ń wọlé. Ọ̀nà há, wọ́n kan ara wọn láyà. Dúró na bàtà kan tó yọ nínú báàgì sí i.

"Tìẹ rèé. Má bínú, arákùnrin mi."

Ṣàràfá dúró gbagidi. Ẹnu rẹ̀ là. "Mà! Mà! Ohùn yẹn! Òun ni! Ọlọ́kadà yẹn nìyí! Òun ni!"

"A ti gbọ́, Ṣàràfá. Máa lọ bá ìyàwó ẹ."

Mùtàlíbù da orin méjèèjìlá sórí díìsìkì márùn-ún lójú ẹsẹ̀, ó fún Màmá ní ọ̀kan, ó fi ọ̀kan sínú àpò ara rẹ̀, ó ní àwọn ìyókù ń lọ sí ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ sí Màmá létí pẹ̀lú ìbínú: "Ẹ jẹ́ n gé orúkọ ọ̀gbẹ́ni yẹn kúrò nínú ìkejìlá. Mo lè gé e ní ìṣẹ́jú kan."

Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù ti gbé báàgì rẹ̀. Ọkọ̀ Èkó ti ń fun fèrè níta. Ó wo ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì, níbi tí ẹnìkan ti ń sunkún láì pariwo.

"Má gé e," ni ó wí. "Bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́ nìyẹn. Fi í sílẹ̀ kó máa gbọ́ ọ."

Ó jáde. Ó ku Mùtàlíbù. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo sẹ́ẹ̀lì. Ó tẹ orin kejìlá láti ìbẹ̀rẹ̀, ó yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, ó sì jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé.